Ìwé Tí A Kì Í Ṣí Ni Ikán Ń Jẹ: Kíkà, Títọ́jú àti Yíyá Ìwé Nílé

Ẹni tó ra ìwé tán, tó tò ó sínú àpótí, tó ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọn, tó wá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó rò pé òun ń bọ̀wọ̀ fún ìwé ni. Oúnjẹ ló sè de ikán. Òkùnkùn ni ikán ń fẹ́, pẹ̀lú ọ̀rinrin díẹ̀ àti ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní yọ ọ́ lẹ́nu, abẹ́ bẹ́ẹ̀dì sì ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìwé tí wọ́n ń ṣí, tí atẹ́gùn ń gba àárín ewé rẹ̀ kọjá, tó ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, kì í tètè bu, ikán kì í sì í ráyè kọ́lé sí i. Ìdí nìyẹn tí a fi kó kíkà, títọ́jú àti yíyá pọ̀ sójú kan níbí.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ojú ọjọ́ ń fi ìwé ṣe lọ́dọ̀ wa. Láti Ìlọrin dé Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo, Ìgbàjà àti Òmù-Àrán, òjò máa ń rọ̀ láti nǹkan bí oṣù kẹrin títí wọ oṣù kẹwàá. Ní gbogbo àkókò yẹn, ewé ìwé ń mu omi inú afẹ́fẹ́, ó ń wú. Tí ọyẹ́ bá wá dé ní oṣù kejìlá, á fa gbogbo omi yẹn gbẹ, ìwé á sún kì. Wíwú àti sísúnkì ọdọọdún yìí ló ń já gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn ìwé ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ẹ ò lè dá òjò dúró, ẹ ò sì lè lé ọyẹ́ lọ, àmọ́ ẹ lè mú kí ìyàtọ̀ tí ìwé yín máa rí láàrin méjèèjì dín kù.

Ibi tí pẹpẹ máa dúró sí

Ẹ má gbé pẹpẹ ìwé ti ògiri tí òjò ń lù láti ìta. Ẹ fọwọ́ kan ògiri yẹn ní oṣù kẹsàn-án: tó bá tutù, tí ọ̀dà ń ṣí lára rẹ̀, tàbí tí nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ń yọ lára sìmẹ́ǹtì, ibẹ̀ kọ́ nìyẹn. Ògiri tó pín yàrá méjì níyà ló dára jù. Kódà níbẹ̀, ẹ fi àlàfo ínǹṣì 2 sáàrin ẹ̀yìn pẹpẹ àti ògiri kí atẹ́gùn lè rìn, kẹ́ ẹ sì lè tan tọ́ọ̀ṣì wo ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́ tó ṣì kù ní àwọn agboolé Ìlọrin, ẹ jẹ́ kí àlàfo náà tó ínǹṣì 4. Ògiri amọ̀ nípọn, kì í jẹ́ kí ilé gbóná kó tún tutù lójijì, ìyẹn sì dára fún ìwé. Ṣùgbọ́n ikán lè rìn nínú rẹ̀ láti ìpìlẹ̀ dé àjà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá gbọ́dọ̀ ga tó ínǹṣì 6 sí ilẹ̀, nítorí omi tí wọ́n fi ń nu ilẹ̀. Ẹ má sì kọjú pẹpẹ sí fèrèsé tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń gbà wọlé. Àwọ̀ pupa ara èèpo ìwé ló kọ́kọ́ máa ń ṣí. Tẹ́ ẹ bá rí ìwé tí pupa rẹ̀ ti di ràkọ̀ràkọ̀ tí aró rẹ̀ sì ṣì wà, oòrùn ló jẹ ẹ́.

Tí káfíńtà bá bi yín léèrè irú igi tẹ́ ẹ fẹ́, ìrókò tàbí tíìkì ni kẹ́ ẹ sọ. Arère fúyẹ́, owó rẹ̀ kò sì pọ̀, àmọ́ kòkòrò máa ń lu ú. Kí káfíńtà má sì fi apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo igi sí i, nítorí ìrókò ni o, tíìkì ni o, ikán ń jẹ apá funfun yẹn. Pákó tó nípọn ínǹṣì 1 kò gbọdọ̀ gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 3 lọ láìsí òpó láàrin. Tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀, á tẹ̀ kọ̀rọ̀dọ̀ láàrin ọdún kan, ìwé á sì máa fẹ̀yìn ti ara wọn bí ẹni tí oorun ń kùn. Fífẹ̀ ínǹṣì 10 tó fún ọ̀pọ̀ ìwé. Tí wọ́n bá fi oògùn ikán pa pákó náà, ẹ jẹ́ kó wà níta fún ọ̀sẹ̀ 3 kí ìwé tó kàn án, torí epo inú oògùn yẹn máa ń wọ tákàdá, òórùn rẹ̀ kì í sì í lọ mọ́. Pẹpẹ tí wọ́n fi èérún igi tẹ̀ pọ̀, tí wọ́n ń tà nínú páálí, rẹwà lójú, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó wú nìyẹn, kò sì ní padà sípò.

Bẹ́ ẹ bá ń tò ó, ẹ gbé ìwé nàró, kó má há jù, kó má sì dẹ̀ jù. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń ya lórí nítorí pé ìka ni wọ́n fi ń kọ́ orí ẹ̀yìn rẹ̀ fà á jáde. Ẹ ti ìwé méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, kẹ́ ẹ sì di àárín ẹ̀yìn tèyí tẹ́ ẹ fẹ́ mú. Ìwé ńlá tó wúwo, irú bí ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ dà á dùbúlẹ̀, kó má ju mẹ́ta lọ lórí ara wọn.

Ìwé àlòkù kì í gorí pẹpẹ lọ́jọ́ tó wọlé

Ibi ìpàtẹ ìwé àlòkù ni ọ̀pọ̀ wa ti ń rí ìwé tó dára lówó pọ́ọ́kú, ibẹ̀ náà sì ni kòkòrò ti ń bá wa wọlé. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ṣí ìwé láàrin gẹ́ẹ́ kẹ́ ẹ gbóòórùn rẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tútù fi hàn pé ó ti bu rí. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ewé rẹ̀ bóyá ihò kéékèèké bí ojú abẹ́rẹ́ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbọ̀n ọ́n sórí tákàdá funfun. Tí lẹ́búlẹ́bú bá já bọ́, kòkòrò ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ yẹ nọ́ńbà ojú ewé wò pẹ̀lú. Ewé 8, ìyẹn ojú ewé 16, ni wọ́n sábà máa ń tẹ̀ pọ̀ kí wọ́n tó dì í. Tí ìwé bá ní àbùkù láti ilé ìtẹ̀wé, ojú ewé 16 tàbí 32 ló máa ń sọnù lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí kó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ayédèrú ìwé máa ń ní lẹ́tà tó fẹ́ pa rẹ́ ní àwọn ojú ewé kan tó sì dúdú jù ní òmíràn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kì í sì í kọjá ọyẹ́ kan.

Tó bá délé, ẹ fi sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, ẹ so ó lẹ́nu, kẹ́ ẹ gbé e síbi tó jìnnà sí àwọn ìwé yòókù fún ọ̀sẹ̀ 3. Tí lẹ́búlẹ́bú tuntun bá yọ nínú ọ̀rá, fìríísà ló kàn. Ẹ lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ọ̀rá, ẹ so ó pinpin, kí ìwé náà wà nínú fìríísà fún ọ̀sẹ̀ 2. Iná ni wàhálà ibẹ̀ o. Tí iná bá ń lọ fún wákàtí mẹ́wàá tí yìnyín ń yọ́, ẹyin kòkòrò kò ní kú, ẹ ti ń fi omi ba ìwé jẹ́ lásán nìyẹn. Ẹ wá fìríísà tí iná kì í já lórí rẹ̀, irú ti àwọn tó ń ta ẹja dídì. Bẹ́ ẹ bá gbé e jáde, ẹ má tú ọ̀rá náà títí di ọjọ́ kejì, nítorí omi máa ń sẹ̀ sára ohun tútù, ẹ sì fẹ́ kí omi yẹn wà lára ọ̀rá, kì í ṣe lára ewé.

Ikán

Ilẹ̀ ni ikán ti ń wá. Ó lè gba inú ògiri tàbí férémù ilẹ̀kùn dé òkè, ṣùgbọ́n inú ilẹ̀ ni ilé rẹ̀ wà, ibẹ̀ ló ti ń mu omi. Nítorí náà, ojú ọ̀nà rẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́. Ẹ yan ọjọ́ kan pàtó lóṣù. Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, tí àwọn èèyàn ń tún àyíká ṣe, rọrùn láti rántí. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn pẹpẹ àti sábẹ́ ìpele ìsàlẹ̀. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ọ̀nà amọ̀ tínínrín, tó nípọn tó pẹ́ńsù, tó ń gun ògiri lọ. Ẹ fi ìka kan pákó kó dún. Ibi tó bá dún bí igbá òfìfo, ikán ti jẹ inú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìwé àkọ́kọ́ àti ìgbẹ̀yìn ìpele ìsàlẹ̀ jáde kẹ́ ẹ ṣí wọn. Ẹ má gba èèpo gbọ́, nítorí ikán lè jẹ inú ìwé tán kí èèpo rẹ̀ ṣì máa dán.

Bẹ́ ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀, ẹ má sáré há gbogbo rẹ̀ dànù. Ẹ fọ́ ínǹṣì 1 láàrin rẹ̀, kẹ́ ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Tí wọ́n bá ti tún un ṣe, wọ́n ṣì ń gba ibẹ̀; ẹ tọ̀ ọ́ lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tó ti yọ nínú ilẹ̀, kẹ́ ẹ pe ẹni tó mọ iṣẹ́ oògùn ikán kó wá da á sí ilẹ̀ ibẹ̀. Tí wọn ò bá tún un ṣe, wọ́n ti pa á tì. Ẹ há a kúrò, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù kọ déètì sára ògiri níbẹ̀, kẹ́ ẹ lè mọ̀ tí tuntun bá yọ.

Ẹ má fín ọ̀tápíàpíà sí ìwé láéláé. Tákàdá máa ń pa á mọ́ra, ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń ṣí ewé lẹ tún ń fi nu ẹnu. Kò tún sí ìdí láti máa fi dichlorvos, oògùn kòkòrò tó sábà máa ń wà nínú ọ̀tápíàpíà, ṣeré nínú yàrá tí èèyàn ń sùn: NAFDAC ti gbé ẹsẹ̀ lé títa ìgò kékeré rẹ̀ káàkiri láti ọdún 2019 nítorí ewu rẹ̀. Káńfọ̀ funfun róbótó ńkọ́? Ó ń lé aáyán àti kòkòrò pẹlẹbẹ aláwọ̀ fàdákà tó máa ń sá bí a bá ṣí ìwé, ṣùgbọ́n kì í lé ikán. Ọmọdé lè rò pé súìtì ni kó gbé e mì, ó sì lè ba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ kan tí ara wọn kò gbà á jẹ́ gidigidi. Nínú ilé tí ìkókó bá wà, ẹ má lò ó rárá. Ewé dóńgóyárò tẹ́ ẹ sá gbẹ lábẹ́ ibòji, tẹ́ ẹ dì sínú àpò aṣọ kékeré, kò lágbára tó o, kò sì lè pa ikán, ṣùgbọ́n kò léwu fún ẹnikẹ́ni. Oṣù mẹ́ta-mẹ́ta lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Ọgbọ́n àwọn àgbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ jù ni ti agolo mílíìkì: ẹ ki ẹsẹ̀ pẹpẹ kọ̀ọ̀kan bọ agolo tẹ́ ẹ bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àlòkù sí, kó ga tó ínǹṣì 1. Ẹ máa nu erùpẹ̀ kúrò lójú ọ́ìlì náà lóṣooṣù, nítorí erùpẹ̀ ló ń di afárá fún wọn. Kò sì ní ṣiṣẹ́ tí pẹpẹ bá fara kan ògiri níbì kankan.

Ìwé tí ikán ti wọ̀, ẹ gbé e jáde kúrò nínú ilé, ẹ ṣí i káàkiri, ẹ gbọ̀n ọ́n sórí aṣọ funfun. Ikán kì í pẹ́ kú tí afẹ́fẹ́ gbígbẹ bá fẹ́ sí i. Ẹ fi ìwé náà sílẹ̀ ní ṣíṣí lábẹ́ ibòji fún odidi ọjọ́ kan. Ẹ dúró kí amọ̀ ara rẹ̀ gbẹ dáadáa kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì ìkunlé tó rọ̀ gbọn ọ́n. Ẹni tó bá fi aṣọ tútù nù ún ti pa á láró, kò sì ní ṣí mọ́.

Òjò

Oṣù keje sí oṣù kẹsàn-án ni ìwé máa ń bu jù. Atẹ́gùn tó dúró sójú kan ló burú níbẹ̀ ju òtútù lọ. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìwé fún wákàtí méjì lọ́jọ́ tí oòrùn bá yọ, kẹ́ ẹ tan fáànù kó máa fẹ́ kọjá iwájú pẹpẹ. Ẹ má sé ìwé mọ́ inú ọ̀rá ní ìgbà òjò. Omi tó ti wà nínú ewé kò ní rí ibi gbà jáde. (Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti ìwé àlòkù yàtọ̀, ìdí wà fún ìyẹn, ó sì sàn kẹ́ ẹ fi í sí ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn.) Tí ìwé bá ti bu, ẹ da aṣọ bo imú, ẹ gbé e síta, ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ibòji kẹ́ ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn ohun funfun náà kúrò. Tẹ́ ẹ bá gbọn ọ́n ní tútù, ńṣe lẹ máa fi kùn ún wọnú ewé. Oòrùn ọ̀sán gangan kọ́ ni kẹ́ ẹ sá a sí: á yọ́ gọ́ọ̀mù, á sì ká èèpo.

Bí òrùlé bá jò sórí ìwé, wákàtí 48 lẹ ní kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í bu. Ẹ gbé e nàró lórí aṣọ ìnura, kẹ́ ẹ la ewé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀. Ẹ fi tíṣù funfun sáàrin gbogbo ewé 10, ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ṣe ń tutù. Tó bá ku ọ̀rinrin díẹ̀, ẹ pa á dé, ẹ fi páálí sókè àti sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ gbé búlọ́ọ̀kù kan lé e di ọjọ́ kejì. Ìwé tí ewé rẹ̀ ń dán, irú èyí tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán, yàtọ̀ pátápátá. Tó bá gbẹ ní pípadé, ó ti di pákó kan ṣoṣo, kò sí ohun tó lè là á mọ́. Irú ìyẹn, ẹ la ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan nígbà tó ṣì tutù, tàbí kẹ́ ẹ jù ú sí fìríísà títí ẹ óò fi ráyè. Ẹ má lọ̀ ọ́ ní áyọ́ọ̀nù.

Ọyẹ́

Ọyẹ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Ẹ ti fèrèsé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ẹ di ìwé mú kó pa dé gírígírí, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gbá eruku orí rẹ̀ láti ìhà ẹ̀yìn lọ síwájú, kí eruku má bàa ṣubú sínú ibi tí wọ́n ti fi gọ́ọ̀mù dì í. Kí ẹnikẹ́ni má sì fipá la ìwé tuntun ní àsìkò yìí. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí ìwé tuntun, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ lé tábìlì, ẹ la èèpo méjèèjì sílẹ̀, ẹ wá máa tẹ ewé bíi 10 láti iwájú, 10 láti ẹ̀yìn, díẹ̀díẹ̀ títí ẹ óò fi pàdé láàrin. Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́, àmọ́ a kì í bá ìwé jà á.

Kíkà

Ojú ewé 20 lójúmọ́ máa parí ìwé olójú ewé 240 láàrin ọjọ́ 12. Ẹni tó bá sọ pé òun máa ka 60 lójúmọ́ sábà máa ń jù ú sílẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Lẹ́yìn àsùbáà tàbí lẹ́yìn àdúrà òwúrọ̀, kí ariwo ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, iná kò ṣe yín ní nǹkan kan torí ilẹ̀ ti ń mọ́. Lálẹ́, iná sólà tẹ́ ẹ bá gbé sẹ́yìn èjìká dára ju ti fóònù lọ. Ẹ ní ìwé méjì lọ́wọ́: èyí tó wúwo fún ilé, àti tínínrín kan tó máa wà nínú báàgì fún báńkì, ọsibítù àti gáréèjì tí ọkọ̀ kò tíì kún.

Tó bá jẹ́ ìwé Yorùbá, ẹ ka ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́ sókè. Ọ̀pọ̀ ìwé ni wọn kò fi àmì ohùn sí dáadáa, etí ló sì ń tètè mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni, tàbí ọkọ́, tàbí ọkọ. Lẹ́yìn ojú ewé mẹ́wàá yẹn, ojú á ti mọ́ ọwọ́ ẹni tó kọ ọ́. Tí àgbàlagbà tí ojú kò ríran mọ́ bá wà nílé, ẹ ka tiyín sí i létí. Ẹ óò rí i pé òun ló máa sọ àṣìṣe òwe inú ìwé fún yín.

Pẹ́ńsù HB ni kẹ́ ẹ fi máa fa ìlà, kẹ́ ẹ fà á fẹ́rẹ́. Báírò máa ń yọ sí ojú ewé kejì, kò sì ṣeé pa rẹ́. Ní ewé òfìfo tó gbẹ̀yìn, ẹ kọ nọ́ńbà ojú ewé àti ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin nípa ohun tẹ́ ẹ rí níbẹ̀. Tákàdá gígé ni kẹ́ ẹ fi sàmì ibi tẹ́ ẹ dé, ẹ má ká etí ewé. Ẹ má fi itọ́ ṣí ewé. Tẹ́ ẹ bá sì ń jẹ wàrà díndín, ẹ jẹ ẹ́ tán, kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Òróró rẹ̀ máa ń sọ tákàdá di fèrèsé, aáyán á sì tọ òórùn rẹ̀ wá.

Bíbo àti títún ṣe

Kàléńdà ọdún tó kọjá ló dára jù fún bíbo ìwé. Tákàdá rẹ̀ le, ó sì ń dán. Ẹ kọ ojú àwòrán rẹ̀ sínú. Ẹ ṣí ìwé lé e, ẹ fi ínǹṣì 1 àtààbọ̀ sílẹ̀ lókè àti nísàlẹ̀, ínǹṣì 3 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ ká òkè àti ìsàlẹ̀ wọnú kí gíga rẹ̀ bá ti ìwé mu, kẹ́ ẹ wá ká ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kẹ́ ẹ ki èèpo bọ inú àpò tó ti di. Kò sí gọ́ọ̀mù, kò sí sẹ́lótéèpù. Sẹ́lótéèpù ni ọ̀tá ìwé jù: láàrin ọdún díẹ̀ á pọ́n, á bó, gọ́ọ̀mù rẹ̀ á sì kù lára ewé, á máa lẹ̀ mọ́ èyí tó tẹ̀ lé e.

Ewé tó bá ya, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ló ń tún un ṣe. Ṣíbí ìjẹun 1 sítáàṣì sí ṣíbí 5 omi. Ẹ pò ó ní tútù kó má ní kókó, ẹ gbé e kaná tí kò lágbára, ẹ máa rò ó títí yóò fi kúrò ní funfun tó sì ń dán. Ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ fa tíṣù funfun ya (ẹ má fi sísọ́ọ̀sì gé e, etí tó ya yìí ló ń lẹ̀ dáadáa), ẹ fi sítáàṣì díẹ̀ kùn ún, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ibi tó ya. Ẹ fi ọ̀rá sókè àti sísàlẹ̀ ewé náà, kẹ́ ẹ gbé nǹkan wúwo lé e di ọjọ́ kejì. Kó fẹ́lẹ́ o, torí sítáàṣì tó bá pọ̀ jù, aáyán máa wá jẹ ẹ́ tòun ti ewé. Bó bá jẹ́ pé odidi ewé ló já kúrò lẹ́yìn ìwé, gọ́ọ̀mù funfun tí káfíńtà ń lò ni kẹ́ ẹ fi pa etí rẹ̀, kó fẹ̀ tó mílímítà 1 péré, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ padà sáyè rẹ̀.

Ìwé kéwú àti àfọwọ́kọ

Ìlọrin ní ohun tí ọ̀pọ̀ ìlú kò ní: ìwé kéwú tí àwọn alfa ìṣáájú fi gègé àti tàdáwà kọ, tí ewé rẹ̀ kò lẹ̀ mọ́ra, tí wọ́n dì sínú awọ. Ẹ má gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ fún ẹni tó ń fi ọ̀rá gbígbóná tẹ ìwé-ẹ̀rí. Iná rẹ̀ ń sun tákàdá, kò sì ṣeé ṣí mọ́. Ẹ má lẹ̀ ẹ́, ẹ má rán an. Ẹ má jẹ́ kí omi kàn án, torí irú tàdáwà kan máa ń jẹ tákàdá lábẹ́ tí ọ̀rinrin bá bá a. Ẹ ka iye ewé rẹ̀, ẹ fi aṣọ òwú funfun tó mọ́, tí wọn kò rẹ láró, wé e, kẹ́ ẹ dá a padà sínú awọ rẹ̀. Ẹ má tún ewé rẹ̀ tò bí kò bá yé yín. Ọ̀rọ̀ kan máa ń wà nísàlẹ̀ ewé tó jẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ewé tó tẹ̀ lé e, òun ni alfa máa fi mọ ètò rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò ewé kọ̀ọ̀kan lábẹ́ ibòji láìlo iná kámẹ́rà: ẹnì kan ń ṣí, ẹnì kan ń yà. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Kwara ní Màlété ní ibùdó kan tó ń rí sí àwọn ìwé àfọwọ́kọ Ìlọrin. Ẹ lè fi ọ̀rọ̀ lọ̀ wọ́n láìjẹ́ pé ẹ̀ ń fi ìwé bàbá yín tọrẹ.

Àlùkùràánì ni kó wà ní ìpele òkè pátápátá, kí nǹkan kan má sì gorí rẹ̀. Ewé rẹ̀ tó bá ti gbó jù, a kì í jù ú sí ààtàn; ẹ kó o fún alfa kó sin ín tàbí kó sun ún bó ṣe yẹ.

Yíyá, àti èésú ìwé

Ẹ pín pẹpẹ sí méjì: ìwé ilé àti ìwé ìta. Èyí tó ní ìbuwọ́lù, èyí tí kò sí lọ́jà mọ́, èyí tí ìyá yín fi sílẹ̀, ìwé ilé ni wọ́n. Bẹ́ ẹ bá ti pín in tán, ẹ lè yá àwọn èèyàn ní ìwé ìta láìsí ìbẹ̀rù. Ìwé tẹ́ ẹ kò bá ṣí fún odidi ọdún kan, kó bọ́ sí ìwé ìta.

Ẹ kọ orúkọ yín sí ojú ewé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́ sí ojú ewé kan pàtó nínú, bíi 27, nínú gbogbo ìwé yín, torí pé ewé àkọ́kọ́ rọrùn láti fà ya. Ẹ ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tẹ́ ẹ fi rúlà pín: nọ́ńbà ìwé, orúkọ rẹ̀, ẹni tó yá a, ọjọ́ tó jáde, ọjọ́ tó yẹ kó dé, ọjọ́ tó dé. Ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ 3. Ẹ ya fọ́tò ẹni náà pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí i lórí WhatsApp lójú ẹsẹ̀. Kò ní lè sọ lẹ́yìn ọdún kan pé òun kò rántí.

Àgbà tó yá ìwé tí kò dá a padà ló ń ṣòro, nítorí ẹ ò lè sọ fún un pé kó mú ìwé yín wá. Ẹ bi í nípa ohun tó kà: "Ẹ̀gbọ́n, ibo lẹ kà á dé? Ṣé ẹ ti dé ibi tí wọ́n ti lé ọmọ náà jáde?" Tó bá ti kà á, inú rẹ̀ á dùn láti sọ̀rọ̀, tí kò bá tíì kà á, á rántí. Bí ìyẹn kò bá ṣiṣẹ́, ẹ sọ pé: "Alfa, ẹ kú iṣẹ́. Ẹnì kan tún ti ń bèèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ wa o." Kí ẹni tó ń bèèrè náà sì wà lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó ń mú kí ìwé rìn jù ni èésú. Èèyàn mẹ́fà, ìwé mẹ́fà, oṣù mẹ́fà. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ìwé kan tí kò ju ojú ewé 250 lọ wá. Ìyẹn ò ju ojú ewé 9 lójúmọ́. Ẹ to orúkọ láti 1 dé 6. Ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, 1 á gbé ti ọwọ́ rẹ̀ fún 2, 2 fún 3, títí tí 6 á fi gbé tirẹ̀ fún 1. Lẹ́yìn ìgbà mẹ́fà, ìwé kálukú á ti padà sílé. Ẹ fi páálí pẹlẹbẹ kan sínú ìwé kọ̀ọ̀kan tó ní orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní títò, àyè fún ọjọ́, àti iye owó tí gbogbo yín fohùn ṣọ̀kan pé ẹni tó bá sọ ọ́ nù máa san. Kí ìwé tó kúrò nílé ni kẹ́ ẹ ti kọ iye yìí, torí lẹ́yìn tó bá ti sọnù, ìwé tí wọ́n rà ní ẹgbẹ̀rún kan náírà á ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lẹ́nu ẹni tó ni ín.

Ohun tó ń tú èésú ìwé ká kì í ṣe olè. Ẹni tó sọ pé òun kò tíì kà á tán ni. Òfin ibẹ̀ ni pé tí ọjọ́ bá pé, ìwé á lọ, ẹ kà á tán, ẹ kò kà á tán. Tí ẹnì kejì bá dá tirẹ̀ dúró, ọwọ́ ẹnì kẹta ṣófo lóṣù yẹn nìyẹn, kò sì pẹ́ tí òun náà fi máa dá ti ọwọ́ rẹ̀ dúró. Kí olórí èésú ní ìwé keje nílé tó máa dí àlàfo bí ẹnì kan bá rìnrìn àjò. Ẹ má ju mẹ́jọ lọ, nítorí ẹni tí kò rí ìwé rẹ̀ fún ju oṣù mẹ́jọ lọ máa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

Tí mẹ́ta bá wà ní Ìlọrin tí mẹ́ta sì wà ní Ọ̀fà, ẹ to àwọn ará ìlú kan tẹ̀ lé ara wọn. Ìwé méjì péré ló máa wọ ọkọ̀ lóṣù: èyí tó ń lọ láti ọwọ́ 3 sí 4, àti èyí tó ń bọ̀ láti ọwọ́ 6 sí 1. Bẹ́ ẹ bá tò wọ́n ní ìkọ̀ọ̀kan-ìkọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló máa wọ ọkọ̀. Ìwé tó ń gba gáréèjì lọ, ẹ fi ọ̀rá wé e lákọ̀ọ́kọ́, kẹ́ ẹ fi páálí méjì há a láàrin kí igun rẹ̀ má tẹ̀, kẹ́ ẹ kọ nọ́ńbà fóònù ẹni tó máa gbà á sára páálí, kì í ṣe sára ọ̀rá tí báírò máa ń pa rẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ gba nọ́ńbà awakọ̀ àti ti ọkọ̀ kó tó gbéra.

Ìwé tó bá ti òde dé, ẹ má sáré gbé e padà sórí pẹpẹ. Ẹ ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ẹ yọ tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ àti tákàdá ẹ̀pà tí wọ́n fi sàmì, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá gọ́ọ̀mù ti ń já, kẹ́ ẹ jẹ́ kó sùn lórí tábìlì fún ọjọ́ méjì níbi tí fáànù ń fẹ́ sí, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tó dé sínú ìwé àkọsílẹ̀.